Báwo ni mo ṣe lè lo map lórí àwọn ìlà fáìlì ńlá nínú èdè kọ̀ǹpútà Clojure láìjẹ́ pé fáìlì náà tì kí iṣẹ́ tó parí?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Clojure dáadáa, mo kí yín láti Kétu níbí. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní fáìlì kan tí a ń kọ gbogbo àgbàdo tí a bá rà sí: orúkọ ẹni tó ta á, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, àti iye owó rẹ̀ ní sẹ́fà. Mo kọ fọ́ńṣọ̀n kan, ka-ila, tí ó ń yọ iye owó jáde láti inú ìlà kan, mo sì lò ó báyìí:

(with-open [r (io/reader "agbado.csv")]
  (map ka-ila (line-seq r)))

Èsì tí mo ń rí ni "Stream closed". Ó yé mi pé map, tí ó ń lo fọ́ńṣọ̀n lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àfi ìgbà tí a bá béèrè èsì lọ́wọ́ rẹ̀, with-open á sì ti pa fáìlì dé kí ìgbà náà tó dé. Bí mo bá fi mapv rọ́pò map, tàbí tí mo lo doall, tí àwọn méjèèjì ń mú kí gbogbo iṣẹ́ parí lójú ẹsẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo èsì ni yóò kó sínú mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ fáìlì wa ń tóbi sí i, kọ̀ǹpútà tí a ń lò kò sì lágbára púpọ̀.

Nígbà tó jẹ́ pé àpapọ̀ owó ni mo ń wá, ṣé kí n lo transduce (tí ó ń yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà bí ó ṣe ń ro wọ́n pọ̀) nínú with-open ni, àbí reduce lásán (tí ó kàn ń ro wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) ti tó? Èyí tó jẹ mí lógún jù ni bí mo ṣe lè rí àpapọ̀ kílò àti ti owó pa pọ̀ láì ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kékeré kan hàn mí.