Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi kẹ̀kẹ́ gun Ventoux rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham: Ẹ kú ilé o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ yí apá kan Provence ní gúúsù Faransé ká ní oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Avignon la ti máa bẹ̀rẹ̀, a ó sùn ní Bédoin, a ó gun Mont Ventoux, a ó sọ̀ sí Sault, ká tó gba Apt àti Luberon padà. Ara kẹ̀kẹ́ ni gbogbo ẹrù wa máa wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan bò.

Bàbá Ìbejì: Kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ fẹ́ gbé gun òkè ní Faransé?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham: Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, Bàbá. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Arìnrìn-àjò Leeds: Mo gùn ún lọ́dún 2019 láti Bédoin. Kílómítà 21 ni, orí rẹ̀ sì ga tó mítà 1,909. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa tàn yín. Kílómítà márùn-ún àkọ́kọ́, ọgbà àjàrà lọ́tùn-ún lósì, orin ni mò ń kọ. Àfi bá a ṣe dé kọ́nà Saint-Estève, ọ̀nà wọ inú igbó, ó sì nàró. Nínú mítà 100, mítà 9 tàbí 10 lẹ ó máa gùn sókè, títí dé ilé oúnjẹ Chalet Reynard, ẹ ò sì ní rí ibi pẹrẹsẹ kankan tẹ́ ẹ ti máa mí. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ débi pé eṣinṣin bà lé mi nímú, ó sì jókòó síbẹ̀. Kílò 14 lẹrù mi. Ìgbà kẹta tí mo sọ̀kalẹ̀, mo tú báàgì, mo yọ ṣòkòtò jíǹsì tí mo kó wá, mo ká a dáadáa, mo gbé e lé orí òkúta kan, mo bá tèmi lọ.

Ìyá Dámi: Jíǹsì kẹ̀? Ta lo fẹ́ wọ̀ ọ́ hàn?

Arìnrìn-àjò Leeds: Ẹ̀yin mà, mo ní bóyá a máa jáde lálẹ́ ni.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin: 😂😂 Jáde lọ síbo? Aago mẹ́jọ, ẹ ti ń han-run. Àmọ́ ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò gun òkè, ó bá òkè rìn ni.

Arìnrìn-àjò Leeds: Chris Froome, eléré kẹ̀kẹ́, ńkọ́? Lórí òkè yìí kan náà, nínú ìdíje Tour de France, July 14, 2016, ẹsẹ̀ ló fi sáré lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìjàǹbá alùpùpù.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin: Alùpùpù ló ṣe tiẹ̀. Jíǹsì ló ṣe tìrẹ.

Àdùkẹ́ Marseille: Ọjọ́ yẹn gan-an, orí òkè kọ́ ni wọ́n parí ìdíje sí. Chalet Reynard ni wọ́n dúró sí nítorí atẹ́gùn. Ọmọ Pòrtó-Novo ni mí, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ẹ bẹ̀rù atẹ́gùn ju òkè lọ. Mistral lorúkọ rẹ̀, àríwá ló ti ń fẹ́ wá. Kílómítà mẹ́fà tó kẹ́yìn, òkúta funfun gbalasa ni, kò sí igi kan tí yóò bo èèyàn. Ó gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni di àgbò Iléyá mú. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà bí Bédoin bá ń gbóná. Òkúta ìrántí Tom Simpson, eléré kẹ̀kẹ́ tó kú níbẹ̀ lọ́dún 1967, wà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn èèyàn máa ń fi ike omi àti fìlà sílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Èèyàn kú síbẹ̀, ẹ tún ń fowó yín lọ?

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin: Ooru ni, Bàbá, àti oògùn amphetamine tí wọ́n bá lára rẹ̀. Gààrí ni tiwa.

Ọ̀gá Gààrí: Wọ́n pè mí! Mo gbé gààrí Ìjẹ̀bú lọ. Mo jókòó ti ẹ̀rọ omi kan ní Sault, omi náà tutù bíi ti fíríìjì, mo da ẹ̀pà sí i. Bàbá arúgbó kan dúró, ó ń wò mí. Mo fún un ní ṣíbí kan. Kíkan rẹ̀ mú un, ó fún ojú pọ̀. Ló bá wọlé, ó gbé oyin òdòdó lavender jáde, ó sì dà á sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn.

Ìyá Dámi: Oyin. Nínú gààrí Ìjẹ̀bú. O sì jẹ́ kó dà á?

Ọ̀gá Gààrí: Àgbàlagbà ni, mà. Ṣé kí n gbá a lọ́wọ́ ni?

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin: Wọ́n ti sọ ọ́ di kọsítáàdì.

Àdùkẹ́ Marseille: Ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀rọ omi kẹ́ ẹ tó mu o. "Eau potable", ẹ mu. "Eau non potable", ẹ fi fọ ẹsẹ̀. Tí ilẹ̀ bá gbẹ nígbà ooru, wọ́n tún máa ń ti àwọn igbó kan nítorí iná, ẹ wo ìkéde kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí lavender Sault, oṣù keje ni kẹ́ ẹ lọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ Irin: Ohun tó fẹ́ pa mí kì í ṣe òkè. Mo jáde ní òtẹ́ẹ̀lì ní Apt, oorun ò tíì dá lójú mi, mo gba ọwọ́ òsì bíi ti London. Mo bá mọ́tò wáìnì pàdé lójúkojú.

Dúró Ní Ìbàdàn: Ti wa ò le níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún la ti ń gbà láti 1972.

Àdùkẹ́ Marseille: Òfin Faransé tiẹ̀ ní kí mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìlú fi mítà 1.5 sílẹ̀.

Dúró Ní Ìbàdàn: Mítà 1.5? Ní Ìwó Road, mọ́tò kan àti ọ̀kadà méjì máa gba ibẹ̀ kọjá.

Arìnrìn-àjò Leeds: @Ọmọ Ọ̀yọ́, jíà ńkọ́? Eyín 28 ni mo lò lẹ́yìn, mo jìyà. Ẹ lo 36, ìyẹn ló fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Láti Sault, ẹ yà wo Gorges de la Nesque, àfonífojì jíjìn kan, ìdajì ọjọ́ péré ni, ọ̀nà náà ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dé abúlé Roussillon, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi tilé. Mo bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́ mi, kò tíì kúrò títí dòní.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Peckham: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá fọganáísà kẹ̀kẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí jíà. Jíǹsì ti kúrò nínú ẹrù mi, ọ̀rẹ́ mi ní tòun ń lọ.

Ìyá Dámi: Kó rántí òkúta yẹn o. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Gààrí, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ oyin yẹn pẹ̀lú ẹ.