Lórí "gómìnà Echizen": ẹ jẹ́ ká ya ipò sọ́tọ̀ kúrò lára oyè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìtumọ̀ tí a gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe Ōoka Tadasuke, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́ tó ń jẹ oyè Echizen no kami (ìyẹn kami Echizen, ẹkùn kan níbẹ̀), ní "gómìnà Echizen". Ẹlòmíì ní "baálẹ̀" ló yẹ. N ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Edo (Tokyo òde òní), ìlú tí ṣógùn, olórí ìjọba àwọn jagunjagun, ń gbé, ni Ōoka ti ṣiṣẹ́. Láti 1717 ló ti wà lára àwọn tó ń ṣàkóso ìlú náà, tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́ níbẹ̀. Kò ṣàkóso Echizen rí. Ìdílé Matsudaira ló ń ṣàkóso ní ìlú Fukui níbẹ̀. Baálẹ̀ wo ni kò ní ilẹ̀? Láyé àtijọ́, lábẹ́ òfin Taihō ti 701, ẹni tí ààfin ọba bá rán lọ ṣàkóso ẹkùn kan ni kami. Ajẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn, bí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ṣe ń rán tiwọn. Bí ìwé bá sọ nípa ìgbà yẹn, ẹ kọ ajẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di ayé àwọn Tokugawa, ìdílé tó ń jẹ ṣógùn, iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀, orúkọ ló kù. Òfin 1615 tilẹ̀ yọ oyè àwọn jagunjagun kúrò nínú iye tí wọ́n ń kà fún àwọn ìjòyè ààfin ọba ní Kyoto.

"Oyè ìdánilọ́lá" tí àwọn kan dábàá sún mọ́ ọn, àmọ́ kò tó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a fi oyè dá lọ́lá lè wọ aṣọ tó wù ú. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ní ààfin ṣógùn, ipò tí ààfin ọba fi nọ́ńbà tò (nọ́ńbà kékeré ló ga jù) ló ń pàṣẹ aṣọ: ẹni ipò ìkarùn-ún ń wọ daimon, ẹni ìkẹrin ń wọ kariginu, oríṣi aṣọ ayẹyẹ méjì.

Ẹ tún wo Asano àti Kira, ọ̀tọ̀kùlú méjì lábẹ́ ṣógùn, tí ìjà wọn bẹ́ sílẹ̀ ní ààfin Edo ní 1701. Takumi no kami ni Asano, ìyẹn olórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ààfin ọba, bẹ́ẹ̀ kò ní oníṣẹ́ ọwọ́ kankan lábẹ́ rẹ̀ ní Kyoto. Kira ń jẹ́ Kōzuke no suke. Igbákejì ni suke. Ẹni tó bá wo oyè nìkan á ní Asano ló ga jù. Rárá o! Ipò kẹrin ni Kira wà, Asano wà ní ìkarùn-ún. Ọmọ ọba ni wọ́n ya kami Kōzuke sọ́tọ̀ fún, ìdí nìyẹn tí Kira fi dúró sí suke.

Nítorí náà, mo dábàá "ipò ààfin" fún ikai (ipò oní-nọ́ńbà) àti "oyè ààfin" fún "kan" (orúkọ iṣẹ́, bíi kami àti suke), kí a sì fi orúkọ oyè sílẹ̀ bó ṣe wà: "Ōoka Tadasuke, tó jẹ oyè Echizen no kami". Suke ló ṣì ń dà mí láàmú. Mo ti ro "ọ̀tún", àmọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ ní òsì, suke ẹkùn kò sì ní. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó jọ̀wọ́ mú un wá.