Wáyà earth fún ilé iṣẹ́ onípáànù tí mo kọ́ sẹ́yìnkùlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà rìwáyà. Akóbọ̀, n'Íbàdàn níbí, ni mo ń gbé, mo sì ti kọ́ ilé iṣẹ́ kékeré kan sẹ́yìnkùlé, tó jẹ́ pé òpó irin ló gbé e dúró, tí ògiri àti òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ páànù. Ó jìnnà sílé tó mítà 20. Irin ni mo fẹ́ máa jó níbẹ̀, kí n sì máa fi gíráńdà gé e.

Mo ti pinnu láti ri wáyà armoured (èyí tí wọ́n fi irin wé lára) mọ́lẹ̀ láti ilé, kí n fi bọ́ọ̀dù kékeré síbẹ̀ pẹ̀lú RCD 30mA (ẹ̀rọ tó máa ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò), kí gbogbo wáyà inú rẹ̀ sì gba inú páìpù, nítorí etí páànù mú bí abẹ. Earth, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò kúrò lára irin, ló kù tó ń kọ mí lóminú. Bí wáyà tó ní iná bá fara kan páànù, gbogbo ilé náà ni yóò máa gbé èèyàn, pàápàá nígbà òjò tí ilẹ̀ bá tutù. Rìwáyà kan ní earth tó bá ti ilé wá ti tó; èkejì ní kí n gbá ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí n má fa ti ilé wá rárá. Àwọn méjèèjì dá ara wọn lójú, èyí tí kò ràn mí lọ́wọ́.

Ìbéèrè mi ni pé: ṣé kí n lo earth ilé, àbí ọ̀pá tirẹ̀, àbí kí n so méjèèjì pọ̀ mọ́ ara irin ilé iṣẹ́ náà?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí yóò dá mi lóhùn.