Foxglove aláwọ̀ ṣokoléètì: ó ti hù

Mo béèrè níbí ohun tí kì í jẹ́ kí irúgbìn Digitalis parviflora, òdòdó foxglove ti àríwá Spéènì, tètè hù. Àbọ̀ rẹ̀ rèé, kí n fi pa á dé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Ẹ rin kọ́ńpóòsì (ilẹ̀ ìgbìn) tó kúnná nínú abọ́, ẹ wọ́n irúgbìn sórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ má bu nǹkan kan lé e. Ooru 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ló fi ń hù. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi kó fà á láti ìsàlẹ̀. Irúgbìn yìí kéré bí eruku, omi orí á gbá a jọ sí igun kan. Níbi tó bá ti ki jù, ìdí èhù á rà, á wó lulẹ̀. Ọdún kejì ló ń tanná. Májèlé ni tewé-tirúgbìn o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.