Àpàlà àti fújì lójúkojú ní Ìjẹ̀bú-Òde: báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí òde wà?

ÀlejòÌjẹ̀bú:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú-Òde ni iṣẹ́ gbé mi wá báyìí. Mo fẹ́ máa gbọ́ àpàlà àti fújì lójúkojú, kì í ṣe nínú fóònù. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì títí, n ò rí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí eléré wà lọ́sẹ̀? Ṣé èèyàn lè yà síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fìwé pè é? Ibo ló dáa kí n dúró sí tí màá fi gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ? Obìnrin ni mí. Bí ibì kan bá wà tí kò yẹ kí n dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ẹlẹ́gbè:
Ẹ káàbọ̀ sílùú o. Ẹ má wá tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Olóde ló ń sanwó eléré níbí. Inú òde rẹ̀ làwa yòókù ti ń gbọ́ ọ. Òde ni kẹ́ ẹ máa tọpa. Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì ni àìsùn òkú sábà máa ń bọ́ sí, ìgbéyàwó jẹ́ ti Sátidé, fídàú sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Òde máa ń gbẹ nínú ààwẹ̀ Ràmàdánì. Lẹ́yìn Iléyá títí wọ oṣù Kejìlá ló máa ń kún.

Ẹ máa ka pósítà òkú tí wọ́n ń lẹ̀ sí oríta dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ibi àsè sí, nígbà mìíràn orúkọ eléré pẹ̀lú. Àwọn tó ń fi àtíbàbà àti àga háyà náà máa ń gbọ́ ṣáájú. Èyí tó dájú jù ni kẹ́ ẹ mọ onílù kan, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀gá eléré kò ní ráyè yín, ṣùgbọ́n onílù lè máa bá ju ẹgbẹ́ kan lọ ṣiṣẹ́, ó sì mọ òde tó ń bọ̀.

Ní ti yíyà, bí wọ́n bá ta àtíbàbà sójú títì, kò sẹ́ni tó máa lé ẹni tó dúró létí. Gbọ̀ngàn ni mo-gbọ́-mo-yà ti ń tẹ́, torí wọ́n ń wo ìwé ìpè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí. Bí owó aṣọ ẹbí bá pọ̀ jù, ẹ ra gèlè nìkan, ẹ má sì jókòó sí tábìlì tí wọ́n kọ orúkọ lé.

Àyàn_Rẹ́mọ:
Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa dúró sí ni mo fẹ́ dáhùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù orin. Wọ́n á sáré lọ síwájú sípíkà. Níbẹ̀, sákárà, àkúbà àti ìlù òyìnbó á papọ̀ di ariwo, gángan á máa sọ̀rọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ẹyọ kan. Ẹ wá ibi tí ẹni tó ń tún ohùn ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sí, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ lẹ̀yin náà á gbọ́. Bí kò bá sáyè, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle níbi tẹ́ ẹ ti lè rí apá tí onígángan fi há ìlù. Bó bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bó bá tú u, á wálẹ̀. Ẹni tó bá ń wo apá yẹn á tètè mọ oríkì tí ìlù ń kì.

Àpàlà yàtọ̀. Agídìgbo ni kẹ́ ẹ fetí sí, àpótí igi tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́ lójú. Òun ló ń gbé ìsàlẹ̀ orin, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lágbára. Bí wọn ò bá gbé máìkì sẹ́nu ihò rẹ̀, àkúbà á bò ó mọ́lẹ̀. Bí máìkì náà bá sì kọjú sí sípíkà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, agídìgbo á sọnù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, ẹ sún mọ́ alápàlà débi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ igi náà fúnra rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà tó kú ní 1983, ti wá. Ọmọ rẹ̀, Musiliu Haruna Ishola, ń kọ àpàlà. Ẹ gbọ́ àwo bàbá dáadáa nílé, kẹ́ ẹ fi mọ bí agídìgbo ṣe yẹ kó dún.

Lásìkò òjò, awọ máa ń rọ̀, ohùn gángan á sì wálẹ̀. Bí onílù bá dúró yáná sí ìlù, ẹ ní sùúrù fún un. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fa awọ le débi tó fi lè ya.

Ẹ má tètè lọ sílé. Àdúrà àti kíkì olóde ló máa ń gba ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn àlejò ńlá bá ti ń dìde ni eléré máa ń fi onílù sílẹ̀ kó sọ tẹnu ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn jù sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ etí: bí ariwo bá tó 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré ni etí lè fara dà á kó tó di ewu.

ÌyáAláṣọÒfì:
Ọmọ mi, ọ̀nà Agẹmọ, òrìṣà àwa Ìjẹ̀bú, ni kó o yà fún. Oṣù Keje ni ọdún rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí, obìnrin kì í sì í rí ẹrù àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún. Bó o bá gbọ́ ìlù lásìkò yẹn, má tẹ̀lé e. Bi ará àdúgbò kó o tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Orò, ní Ìjẹ̀bú àti ní Rẹ́mọ.

Má ná owó lé eléré lórí o. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fi sínú àpòòwé, kọ orúkọ rẹ sí i, fún ẹni tó ń gba owó fún ẹgbẹ́. Wọ́n á kì ọ́ bákan náà.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àjọ̀dún Ojúde Ọba níbí, 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí ní 2025, ó sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) kọ̀ọ̀kan máa ń mú onílù tirẹ̀ wá, ohùn wọn á sì máa kọlura nínú pápá. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ni kó o dúró sí láàárọ̀, kó o lè gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Jìnnà sí àwọn ẹlẹ́ṣin: ìbọn ń dún, ẹṣin lè ta.

ÀlejòÌjẹ̀bú:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí àìsùn bá parí ní agogo 2 òru ńkọ́?

Ẹlẹ́gbè:
Ẹ jókòó ti àwọn obìnrin ilé olóde títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́kadà tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bá a dá àdéhùn ṣáájú, ẹ má gun èyí tẹ́ ẹ bá lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàgámù ni òde wà, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.