Ẹ gbà mí o: kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe oníwòsàn nínú géèmù mi

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ géèmù ṣe. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan là ń ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni 5 sí ẹni 5. Gbogbo ìgbà tá a bá ní káwọn èèyàn dán an wò, ipò ajagun ni wọ́n ń dù. Ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń gbé oníwòsàn kọ́ lọ́rùn.

Mo jókòó ti oníwòsàn kan lánàá, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìlà tó ń fi bí ẹ̀mí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kù sí hàn. Kò tiẹ̀ rí ìjà tó ń lọ! Mo wá fi kún agbára ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó kú mọ́, ìjà ò sì parí.

Ọgbọ́n géèmù Team Fortress 2 (2007) wù mí: bí Medic, oníwòsàn ibẹ̀, ṣe ń wo èèyàn sàn ni ÜberCharge rẹ̀, ìyẹn agbára àkànṣe tó ń kó jọ, ń kún, tó bá sì lò ó, òun àti ẹni tó ń wò ò ní fara pa fún ìṣẹ́jú-àáyá 8. Mo tún gbìyànjú ti Discipline Priest, irú oníwòsàn kan nínú géèmù World of Warcraft, tó ń fi lílu ọ̀tá wo ẹlẹgbẹ́ sàn. Lọ́dọ̀ tèmi, ńṣe ni oníwòsàn kàn di ajagun kejì.

Ṣé kí n dín ìwòsàn kù, kí n fún un ní ààbò tó máa lò kí ọta tó bani? Àbí ajagun ni kí n tún ṣe? Ẹni tó ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ kọ́kọ́ yí padà?