Àbójútó kọ́, ìpilẹ̀ṣẹ̀ kọ́: lórí ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún ẹ̀dá ilẹ̀ òkun ní Port Valdez

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló fi ìtumọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí wa, nípa àwọn ẹ̀dá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ Port Valdez ní Alaska, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Alaska ní Fairbanks bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní 1971. Iṣẹ́ náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní benthic monitoring, Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "àbójútó ẹ̀dá abẹ́ omi". Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí níbẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní baseline, "ìpilẹ̀ṣẹ̀" ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́, àwọn kan ní ó dùn létí, àwọn kan ní kò dùn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ ká wo ilé náà ná.

Port Valdez jẹ́ apá òkun kan tó wọ àárín òkè. Ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 18, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 5, ó sì jìn ju mítà 200 lọ. Yìnyín ló gbẹ́ ẹ nígbà láéláé. Nígbà tí yìnyín fà sẹ́yìn ni òkun wọ inú kòtò náà. Yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè tó yí i ká títí di òní. Bí ìgbà ooru bá dé, omi tó ń yọ́ lára rẹ̀ á gbé lẹ́búlẹ́bú òkúta wọ inú òkun, omi á rí bí ẹni da wàrà sí i. Ní 1977, epo rọ̀bì láti Prudhoe Bay, ní ìhà àríwá Alaska, bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú páìpù tó gùn tó kìlómítà 1,287 wá sí èbúté tó wà ní etí rẹ̀ níhà gúúsù. Nígbà náà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé epo kì í wá lófìfo, omi òkun ni wọ́n ń rọ sí i kí ó má bàa fì. Omi yẹn dà pọ̀ mọ́ ìṣẹ́kù epo. Wọ́n á gbà á sílẹ̀ ní èbúté, wọ́n á yọ epo kúrò lára rẹ̀ débi tí agbára wọn mọ, wọ́n á sì tú u padà sísàlẹ̀ òkun láti ẹnu páìpù. Ìdí abájọ nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ka ohun abẹ̀mí tó wà nísàlẹ̀.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so èyí pọ̀ mọ́ jàǹbá ọkọ̀ Exxon Valdez bí ẹni méjì ti ṣe láàárín wa. Bligh Reef, lóde apá òkun yìí, ni ọkọ̀ náà ti kọlu àpáta ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1989, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni epo rẹ̀ sì gbà lọ.)

"Abẹ́ omi" kò tó. Ẹja tó ń wẹ̀ ńkọ́? Àbùùbùtán ńkọ́? Abẹ́ omi ni gbogbo wọn wà, kò sì sí èyí tí àwọn onímọ̀ yìí ń kà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi okùn ju irin kan tó lanu bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sódò. Bó bá ti kan ìsàlẹ̀, á pa ẹnu dé, á bu ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin gòkè wá. Wọ́n á jọ̀ ọ́ nínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan. Èyí tó bá kù sórí asẹ́ ni wọ́n ń tò, tí wọ́n ń sọ lórúkọ, tí wọ́n ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dá tó fi ilẹ̀ ṣe ilé ni, nítorí náà mo ní ká pè é ní ẹ̀dá ilẹ̀ òkun. Àbúrò wa kan bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á rò pé ilẹ̀ tó wà létí òkun là ń sọ. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ lódò, tó wá rí i pé òun lè dúró, "ẹsẹ̀ mi ti kanlẹ̀" ló máa wí. Èdè wa ti mọ̀ tipẹ́ pé omi ní ilẹ̀.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rí lórí asẹ́, "aràn òkun" ni ìtumọ̀ náà lò. Inú ẹlòmíràn ni aràn ń gbé, ohun tí a ń lo oògùn lé jáde ni. Ekòló òkun ló yẹ kí á wí, nítorí inú ilẹ̀ ni ekòló ń gbé, púpọ̀ nínú ti òkun náà sì ń jẹ ẹrẹ̀ bí ekòló tiwa ṣe ń jẹ ilẹ̀. "Oníkarahun aláwẹ́ méjì" tí wọ́n lò dára púpọ̀, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀" ni mo fẹ́, nítorí pé ohun tó rọra sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ omi ni, ẹrẹ̀ kò sì sọ ìyẹn. Fjord, ìyẹn irú apá òkun tó wọ àárín òkè bí Port Valdez, ni kí á máa pè ní fíọ́ọ̀dù. Ọ̀sà tí ẹnì kan dábàá kò bá a mu. Ọ̀sà kò jìn tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní ògiri àpáta.

Ó wá ku àbójútó, èyí tó ń dùn mí jù. Ẹni tó ń bójú tó nǹkan ń tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n bá fi ọmọ sí àbójútó mi, tí nǹkan ṣe é, èmi ni wọ́n máa bi. Àwọn onímọ̀ yìí kò tọ́jú ekòló kankan. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kà á, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n rí, ẹlòmíràn ló ni àṣẹ láti dín omi tó ń ti ẹnu páìpù jáde kù. Bí a bá kọ ọ́ sínú Yorùbá pé òkun kan wà lábẹ́ àbójútó, ọkàn ẹni tó kà á á balẹ̀ pé ẹnì kan ti dì í mú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kíkà nìkan ni wọ́n ń kà. Ìtumọ̀ tó fi ọkàn èèyàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ, kì í ṣe àṣìṣe kékeré. "Ìṣọ́" náà ní irú àléébù yìí, ọdẹ ló ń ṣọ́ nǹkan kí olè má bàa dé. Àyẹ̀wò àtọdúnmọ́dún ni mo mú wá. Ẹnì kan lè ní kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó ni àtọdúnmọ́dún ń sọ, kò sọ iye ìgbà.

Ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1964, ilẹ̀ mì ní Alaska, ìwọ̀n rẹ̀ tó 9.2. Ilẹ̀ abẹ́ omi tó wà níwájú ìlú Valdez ya lulẹ̀, ó gbé èbúté àti àwọn tó wà lórí rẹ̀ lọ; nǹkan bí 30 èèyàn ló kú níbẹ̀, wọ́n sì ní láti kó ìlú náà lọ síbòmíràn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ya yẹn bo ìsàlẹ̀ òkun, ó dojú ohun tó ń gbé níbẹ̀ dé. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn làwọn onímọ̀ ju irin ẹlẹ́nu wọn sódò fún ìgbà àkọ́kọ́. Kí ni wọ́n rí? Ilẹ̀ tó ń gbìyànjú láti padà bọ̀ sípò ni wọ́n rí. Ṣé ìyẹn la fẹ́ pè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀?

Daniel Pauly, onímọ̀ nípa ẹja, kọ ọ́ ní 1995 pé ìran kọ̀ọ̀kan ń mú ipò tí òun bá òkun bí ẹni pé bó ṣe wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá lo ìpilẹ̀ṣẹ̀, inú àṣìṣe náà gan-an la wọ̀. Àkọ́wọ̀n ni mo dábàá, bí a ṣe ń wí àkọ́bí àti àkọ́so. Ohun tí a kọ́kọ́ wọ̀n ni; kò sọ pé kò sí nǹkan ṣáájú rẹ̀. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ á wá wà fún ohun tó wà kí ilẹ̀ tó mì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ̀dá ni wọ́n kà, wọn kò wọ̀n ọ́n. Wọ́n wọn epo inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pẹ̀lú, sà, àti pé "àkọ́kà" á dàbí ìwé tí ọmọdé kọ́kọ́ kà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n to ọ̀pọ̀ ọdún jọ, ohun tí wọ́n rí ni pé ipa omi èbúté kò ju itòsí ẹnu páìpù lọ, ó sì kéré. Àwọn ìyípadà tó tóbi, tó kan ibi tó jìnnà sí páìpù náà, wá láti ara ilẹ̀ tó ń bọ̀ sípò lẹ́yìn 1964 àti láti ara ojú ọjọ́ òkun tó ń yí padà. Ẹni tó bá pe 1971 ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ á pe gbogbo ìyípadà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìbàjẹ́, á sì dá epo lẹ́bi ohun tí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe. Lójú ìwé kẹrin ìtumọ̀ náà, "ìbàjẹ́" ni wọ́n kọ níbi tó yẹ kó jẹ́ "ìyípadà". Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ ṣe kó tó jáde.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí ọ̀rọ̀ fún: òkìtì ilẹ̀ tó dábùú abẹ́ omi lẹ́nu ọ̀nà fíọ́ọ̀dù, tí kì í jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ wọlé-jáde bó ṣe fẹ́. "Ìloro" ló ń wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè omi ni ọkàn èèyàn á lọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ apẹja, kí lẹ ń pe irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá?